Abọ́ Tí Wọn Ò Fọ̀

Tíṣà yẹn ò mọ nǹkan kan. Ó ní ẹja kì í tinú erùpẹ̀ gbígbẹ jáde, pé ibi tí wọ́n ti ń mutí ni mo ti lọ gbọ́ ọ. Lóòótọ́, ìwé méjì péré ni mo kà kí n tó sọ síléètì nù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yìí ti dé ibi tí ìwé tiẹ̀ ò dé. Tó bá dé, kó o sọ fún un. Ìwọ tó wà níbí lọ̀rọ̀ yìí kúkú kàn jù, Ìyá Fẹ́hìntọ́lá. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Ọkùnrin kan wà létí ọ̀sà tó ń tún rédíò ṣe. Àpótí onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ ẹ̀ tí omi kún inú ẹ̀, ẹja kéékèèké ló ń sìn níbẹ̀. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ, àmọ́ akọ wọn ń dán bí aṣọ aró tuntun, àmì pupa wínníwínní wà lára ẹ̀. Inú kòtò kan tí omi òjò máa ń dá jọ sí lábúlé ìyá ẹ̀ ló ti bù wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n da yanrìn dí kòtò náà, wọ́n kọ́lé lé e. Àwọn tó wà nínú gíláàsì yẹn nìkan ló wá kù nínú ìran wọn. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń wò wọ́n kó tó bọ́jú láàárọ̀.

Ẹja yìí kì í pẹ́ láyé. Omi tó ń gbé inú ẹ̀ máa ń gbẹ lọ́dọọdún. Tó bá ti gbẹ, bàbá kú, ìyá kú. Ẹyin wọn ló máa ń sùn sínú ẹrẹ̀ títí òjò tuntun á fi dé. Apẹja àgbà kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti yé ẹyin sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, bu ẹrẹ̀ yẹn, fún un kí omi ẹ̀ ro dànù, dì í sínú ọ̀rá, gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ò dé. Oṣù mẹ́ta. Má tú u. Lẹ́yìn náà, da omi òjò lé e."

"Oṣù mẹ́ta láìfún wọn lómi, Bàbá?"

"Ta ló ń fún wọn lómi kí wọ́n tó bí ọ?"

Ó gbọ́. Nígbà táwọn ẹja náà darúgbó, tí wọ́n ń kú níkọ̀ọ̀kan, ó bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú abọ́ tánganran kan, ó fún un, ó dì í, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, ó ń rùn. Ìyàwó ẹ̀ gbé abọ́ náà sọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní ẹni tó kó ẹrẹ̀ sí i ni yóò fọ̀ ọ́. Ẹni tó kó ẹrẹ̀ sí i ò rántí.

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ọkàn ọkùnrin yìí ò balẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ ti dé, ètè òun gan-an ń là. Ó ro ti ẹyin tíntìntín tó wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, àánú ṣe é. Ó tú ọ̀rá, ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó dì í padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún tú u. Ó wá di àràárọ̀.

Ìyàwó ẹ̀ ń gbálẹ̀ lọ, ó ní, "Ẹ ò bá kúkú sàba lé e."

"Ṣé kí n máa wò kí òùngbẹ pa wọ́n ni?"

"Èmi ò sọ̀rọ̀. Abọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn o."

Omi àánú yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ó jí àwọn kan kí ọjọ́ wọn tó pé. Wọ́n jáde, wọn ò lè lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹyin tó kù bu, wọ́n funfun. Nígbà tóṣù mẹ́ta pé, ó da omi òjò tó ti fi pamọ́ látọjọ́ yìí lé ẹrẹ̀ náà nínú gíláàsì, ó jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹrẹ̀ ló rí. Ó da gbogbo ẹ̀ nù, ó fi aṣọ bo àpótí bí ẹni bo òkú. Kò tún rédíò kankan ṣe lọ́sẹ̀ yẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ abọ́ sú ìyàwó, ó jáde lọ gbé e kó lè fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ kò gbé e mọ́.

"Bàálé mi, ẹ wá wo abọ́ tẹ́ ẹ ò fọ̀."

Láàrin ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jábọ́ sínú omi òjò tó kún abọ́ náà, àwọn nǹkan tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ń sáré kiri. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń kà. Mọ́kànlá. Ó nawọ́ kó lè bá wọn kó ewé kúrò, ìyàwó ẹ̀ di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo sùn nílé ọkùnrin yẹn fún ọjọ́ méje, ojú mi yìí ni mo fi rí ọmọ-ọmọ wọn.

Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, ó ti di oṣù kejì tí ọmọ rẹ ti wọlé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lo ń pè é: kí ló sè, kí lọkọ wí, ṣé kò sunkún. Sátidé tó bá dé, o ti gbé ọbẹ̀ lọ bá a. Ọkọ ẹ̀ ti ń bèèrè pé ta gan-an lòun gbé níyàwó nínú ẹ̀yin méjèèjì. Omi tí ò ń wọ́n nìyẹn. Dá ọwọ́ dúró kó o tó rí ẹrù ọmọ níwájú ilé rẹ. Gbígbẹ tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn, inú ẹ̀ lọmọ ti ń dàgbà.

Ọ̀fun tèmi ti gbẹ, èmi kì í sì í ṣe ẹyin ẹja. Ra ẹmu agbè kan fún mi. Tó o bá ti gbé e kalẹ̀, máa lọ sílé. Má dúró wò mí lẹ́nu.