Bí Òkété Ṣe Fi Ẹ̀gúsí Ra Ilé

— Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

— Àlọ́ mi já bọ́ gbì, ó bọ́ sí ojúde Òkété. Ṣubúọlá, má tíì sùn o!

— Mi ò sùn, Màmá!

Ní ìgbà kan rí, Òkété ń gbé orí ilẹ̀ bíi tèmi tiyín. Oyún rẹ̀ ti tó bí, òjò sì ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni kò nílé. Gbogbo ohun tó ní láyé kò ju ogún agbọ̀n ẹ̀gúsí lọ. Bó bá fi ra ìràkurà, ìta gbangba ni yóò bímọ sí.

Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Àkùkọ tó ń ta ilé. Áà, ilé Àkùkọ dára! Wọ́n fi ẹfun kùn ún, wọ́n gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn.

— Ogún agbọ̀n, Àkùkọ wí.

Ó dé ọ̀dọ̀ arúgbó kan, Ìyá Àbọ̀dé. Ògiri tirẹ̀ ti sán, òrùlé ń jò.

— Ogún agbọ̀n, ọmọ mi.

— Háà! Ẹ̀yin ìyá yìí, àbí ẹ ń ṣeré ni?

Òkété bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sáré padà sọ́dọ̀ Àkùkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ẹmọ́, fà á létí.

— Ẹfun ló ń tàn ọ́ jẹ. Lọ bi wọ́n: nínú ogún yìí, mélòó ni ti ilé, mélòó ni ti ilẹ̀?

Ó bi Àkùkọ. Àkùkọ na ọrùn.

— Mọ́kàndínlógún ni ti ilé! Agbọ̀n kan péré ni ti ilẹ̀. Ṣebí àpáta ni.

— Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ rè é! Òkété fò sókè.

— Kó má rà á o! àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ kígbe.

— Ẹ jẹ́ n sọ ọ́! Ó lọ bi Ìyá Àbọ̀dé náà.

— Agbọ̀n kan ni mo gbà lórí ògiri yìí, mọ́kàndínlógún ni ti ilẹ̀. Wá gbẹ́ ẹ wò.

Òkété ki ọwọ́ bọlẹ̀. Ilẹ̀ dúdú, ó rọ̀, kò lókùúta. Ibẹ̀ ga, àgbàrá kì í dé ibẹ̀, kànga ẹ̀yìnkùlé kì í sì í gbẹ. Ó kó ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Àbọ̀dé.

Àkùkọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Lọ́jọ́ kẹta, ìjì dé. Ó wó ilé Àkùkọ, ó wó ilé Òkété.

— Yéè! Ó tán!

— Kò tíì tán. Àkùkọ wo ibi tí ilé rẹ̀ wà, àpáta ló kù. Ó kiri í ní agbọ̀n kan, kò sẹ́ni tó rà á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn lórí ilé onílé.

Òkété náà sunkún díẹ̀. Nígbà tó nu ojú, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, wàràwàrà, ó wọnú rẹ̀ lọ, ó sì bí ọmọ méje síbi tó gbẹ, tó móoru. Títí dòní, kò mọ ògiri mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé ń gbó, ilẹ̀ kì í gbó. Ẹni tó bá ń ra ilé, kó bèèrè ohun tí yóò kù bí ògiri bá wó.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi má dún bí mo bá gbá a: pó, pó, pó!

— Ó dún o, Màmá!