Ta Ni Yóò Díyelé Ọkọ̀ Olóyè?
Olóyè Ọ̀jẹ́wùmí, tó ni ilẹ̀ tí Rábíátù alágbàtà ọkọ̀ ń lò l'Óṣogbo, gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ tó ń lo iná mànàmáná wá, ó ní kó bá òun tà á ní ogún mílíọ̀nù tí òun rà á lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Bẹ́ẹ̀, tuntun irú rẹ̀ ti wọ̀lú ní mílíọ̀nù méjìlá. Rábíátù ní, "Ó ti yá, bàbá." Ó wá ẹnìkan tó ní irú ọkọ̀ náà gan-an kàn, ó sì pe Olóyè wá wò ó: "Oníbàárà dé, bàbá. Ó gba ogún mílíọ̀nù yín, àmọ́ ọkọ̀ rẹ̀ yìí ló fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ tiyín dípò owó, ogún lòun náà ń pè é." Olóyè yí ọkọ̀ náà po, ó fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bátìrì ọlọ́dún mẹ́ta! Nígbà tí tuntun jẹ́ méjìlá? Mílíọ̀nù méje ni, kò lé kọ́bọ̀!" Rábíátù kúnlẹ̀, ó yọ ṣọ́ọ̀kì. "Ẹ ṣé, bàbá. Ọdún kan náà lẹ jọ rà á. Ṣé méje náà ni kí n kọ sára gíláàsì tiyín?" Olóyè wo ọkọ̀ kìíní, ó wo ìkejì. "Kọ méje àbọ̀," ló ní, "tèmi mọ́ ju tiẹ̀ lọ."