Àmín tí Alàgbà Ṣówándé Ṣe sí Fẹ́sípà

"Ẹni tó bá ṣe àmín kì í tún dínà." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Bí ẹ bá ti dé ìlú Ìdí-Ahùn rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ, nítorí ọmọ ọdún méje ibẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kálukú ni yóò máa sọ tirẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní inú ìwàásù ló ti jáde. Àwọn ìmàle ní ẹnu lèmọ́mù àwọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú wọn. Inú ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti pa òwe náà, lọ́jọ́ Sátidé kan, lórí ọ̀rọ̀ fẹ́sípà, alùpùpù tuntun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Nígbà náà, pọ́n-ùn àti ṣílè la ṣì ń ná. Tíṣà kan wà tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mosún. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ìdí-Ahùn, ṣùgbọ́n iléèwé tí wọ́n gbé e lọ wà ní Abà Ọ̀dẹ̀kú, máìlì méje gbáko sí ilé. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín. Lọ́rì tó ń kó kòkó máa ń gba ọ̀nà náà lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tó bá wu dẹ́rẹ́bà ló ń jí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mosún ti dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lu aago. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá iléèwé pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà Mosún, iṣẹ́ rẹ dára, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá fa kíláàsì rẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́."

Ọ̀gá yìí kì í halẹ̀ lásán. Kíláàsì náà sì ni ayé Mosún. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, wọn ò mọ A yàtọ̀ sí igi àkàbà nígbà tó dé bá wọn, wọ́n sì ti ń ka ìwé fúnra wọn báyìí. Ó dun ún wọra pé ẹlòmíràn lè wá jókòó sórí iṣẹ́ tí òun ṣe. Ó kó àjọ rẹ̀, ó da èyí tó ti ń tọ́jú láti ọdún méjì lé e, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ àádọ́rin pọ́n-ùn. Ó ní òun yóò ra fẹ́sípà kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ńlá. Wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ wo nǹkan mìíràn, bíi pé kì í ṣe fẹ́sípà ló bá wá. Wọ́n ní kó bú ọjà náà dáadáa, torí pé ẹni tó bá ń yin ọjà lójú ẹni tó ń tà á, ara rẹ̀ ló ń tà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bó bá ti le, kó kọ ẹ̀yìn sí ọlọ́jà, kó máa lọ. "Kò ní jẹ́ kó o dé ẹ̀bá títì kó tó pè ọ́ padà," wọ́n ní. Mosún fi gbogbo rẹ̀ sọ́kàn. Ó tilẹ̀ dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fajú ro.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú, ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Aláró ni ìlú ń pe ìyá yìí, nítorí iṣẹ́ aró rírẹ tó sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di dúdú mìnìjọ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ènìyàn rere ni, àmọ́ kò sí ohun tuntun tó wọ ilé wọn rí tí kò gbàdúrà lé lórí. Bí wọ́n ra abẹ́rẹ́, ó gbàdúrà kó má sọnù. Bí wọ́n ra ìkòkò, ó gbàdúrà kó má fọ́, ó sì tún gbàdúrà fún amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n. Mosún ní òun nìkan lòun yóò dá lọ. Ìyá ti wé gèlè kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bá a bá débẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan o. Ẹ ṣáà jókòó."

"Èmi?" ni Ìyá Aláró wí. "Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Alàgbà Ṣówándé ló ni ìsọ̀ náà. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí ẹ̀kùrọ́. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìṣílé ní Ìdí-Ahùn tí wọn kò ní fi í jókòó síwájú, kì í sì í ṣe nítorí owó tó ń ná níbẹ̀, nítorí kì í ná an. Nítorí àmín rẹ̀ ni. Bí Alàgbà bá ṣe àmín, adìyẹ ẹ̀yìnkùlé á fò sókè. Kì í sì í dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Bí ẹni tó ń gbàdúrà bá ti ń mí, Alàgbà ti dé ìdí àmín, ó ti ń dúró dè é níbẹ̀.

Mosún wọ ìsọ̀, ó fajú ro bó ṣe kọ́ ọ. Ó fi ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wo kẹ̀kẹ́ ológeere, ó tẹ táyà rẹ̀ wò, ó bi í léèrè owó pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà ló wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí fẹ́sípà.

"Èyí ńkọ́, sà? Èló lẹ ń ta irú kiní yìí?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ìgbà mélòó lo ti kọjá níwájú ìsọ̀ yìí lọ́sẹ̀ yìí? Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni."

"Àádọ́ta."

"Àádọ́ta kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sílẹ̀ ni?"

Mosún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọjà. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ máa ń tètè ṣá. Ó ní ìjókòó rẹ̀ le. Ó ní fèrè rẹ̀ ń dún bí ewúrẹ́ tí òtútù mú. Ọkàn rẹ̀ sì ń bẹ fẹ́sípà náà pé kó má bínú. Alàgbà ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń já owó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Mosún náà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, títí Alàgbà fi dúró sórí ọgọ́rin. Mosún dé àádọ́rin, ọ̀nà tán.

"Ọgọ́rin ni jálẹ̀," ni Alàgbà wí. "Bí bàbá mi bá jí wá sáyé, ọgọ́rin ni màá tà á fún un."

Ó ti kan ọgbọ́n ìkẹyìn. Mosún gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó ní, "Ó dáa, sà, a ó máa lọ." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ kí wọ́n jọ dìde.

Ìyá ti dìde ní tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́sípà ló dúró sí, ó ti gbé ọwọ́ aró méjèèjì lé ìjókòó, ojú rẹ̀ sì ti dì pa.

"Olúwa, a dúpẹ́ ọkọ̀ tuntun. Ọmọ mi yóò máa gùn ún lọ, yóò máa gùn ún bọ̀ láyọ̀."

"Àmín!" ni Alàgbà dáhùn. Ẹnu rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò ní já a jù sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀dẹ̀kú."

"Àmín!"

"Kò ní di ti ẹlòmíràn mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Àmín ní orúkọ Jésù!"

"Ẹni yòówù tó bá dínà mọ́ ọmọ mi, Olúwa, ṣí i nípò!"

"À-á-míiiìn!"

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, títì gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lójúde ju irin iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti àwọn tó ń kọjá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn náà ń ṣe àmín láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe é sí.

Ara Mosún tutù. Ta ló ń fi ohun tí ìyá rẹ̀ ti gbàdúrà sí sílẹ̀ lọ? Bó bá kọ ẹ̀yìn sí fẹ́sípà yìí, gbogbo àdúrà yẹn ni yóò kù sínú ìsọ̀ fún ẹni tó bá wá rà á. Alàgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó rọra rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí òpó ìlẹ̀kùn, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀.

"Ẹ kú oríire o, tíṣà. Ọkọ̀ á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọgọ́rin pọ́n-ùn."

Omi lé sí Mosún lójú. Ó gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. "Alàgbà, àádọ́rin ni gbogbo ohun tí mo ní láyé yìí. Bí mo bá tún pẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gba kíláàsì mi."

"Àánú rẹ ṣe mí," ni Alàgbà wí, ó sì ṣe é lóòótọ́. "Àmọ́ àánú ò ṣeé kó lọ sí báńkì. Lọ wá mẹ́wàá yòókù, kó o sì tètè wá a, torí pé àgbẹ̀ kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé wá gbé e."

Ìyá Aláró lajú. "Ta ló ń bọ̀ wá gbé kí ni?"

"Àgbẹ̀ kan, Ìyá Aláró. Fẹ́sípà yìí."

"Fẹ́sípà tí ẹ ṣe àmín pé kò ní di ti ẹlòmíràn?"

Ìyá náà gbá àyà mú. Ẹ̀rù bà á gidi, kì í ṣe eré.

"Yéè! Alàgbà! Mo ní kí Olúwa ṣí ẹni tó dínà nípò, àmín tiyín ló sì ròkè jù. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni o! Ẹ kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè bẹ Olúwa kó má tíì dá a lóhùn. Kó ní sùúrù fún wa díẹ̀!" Ó ti wà lórí eékún ní tirẹ̀.

Ẹ̀rín bú lójúde. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ rí ohùn lò: "Alàgbà, ẹni tó bá ṣe àmín kì í tún dínà o!"

Alàgbà wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún lára òpó, ó wo ti òsì. Ó wo fẹ́sípà lẹ́yìn Mosún, ó wo títì lẹ́yìn ara rẹ̀. Òun gan-an ló wà láàárín. Ó fò kúrò lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná.

"Tíṣà, mú àádọ́rin wá," ó ní. "Ìyá Aláró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Olúwa pé mo ti yẹ̀."

"Olúwa, Ṣówándé ti yẹ̀ o."

"Àmín," ni Alàgbà wí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́ ọ tó ṣe àmín jẹ́jẹ́.

Mosún gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wa fẹ́sípà rẹ̀ lọ sílé. Ó bi í léèrè lójú ọ̀nà bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyá ní kó dojú kọ ọ̀nà tó ń lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Mosún ti jókòó sínú kíláàsì, ó ti kọ déètì sójú pátákó, kí ọ̀gá iléèwé tó dé. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló wá dé lẹ́yìn aago. Ní ti Alàgbà Ṣówándé, kò pàdánù nínú ọjà náà, èrè ló kàn kéré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà níbikíbi, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ tọrọ?"

Ìdí òwe nìyẹn. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ẹnu bá ọmọlàkejì tọrọ ire, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ire náà há sí, òun ni wọ́n máa ń pa á fún. Ẹ̀gbọ́n tó ní àbúrò òun yóò kọ́lé, tó sì jókòó lé ìwé ilẹ̀. Ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́ òun yóò dá dúró, tí kò sì fẹ́ fún un ní òmìnira. Ìyá ọkọ tó ń bá ìyàwó tọrọ àlàáfíà láàárọ̀, tó ń dá ìjà sílẹ̀ lálẹ́. Wọn kì í bá irú wọn jà. Wọ́n á kàn rọra bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe àmín lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà yẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣe é, wọ́n á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ̀ lọ́nà."