Àjàgbé, Darandaran Ìkùukùu

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ìkùukùu ń jẹ̀ káàkiri bí ẹran tí kò ní olówó, ìlú méjì wà tí òjò ń fi ojú wọn rí màbo. Ìdó wà ní àfonífojì, omi a máa bá wọn lórí ẹní. Òkè-Ọ̀gàn wà lórí àpáta, àgbàdo wọn a máa gbẹ kí ó tó yọmọ. Láàárín méjèèjì ni Àjàgbé ń gbé, ọkùnrin gàgàrà tí ẹ̀fúùfù ń yà fún lọ́nà, a-fọ̀pá-kan-da-agbo-òjò. Bí òjò bá ṣú jù lórí Ìdó, yóò na ọ̀pá sí i, yóò sì dà á lọ sí Òkè-Ọ̀gàn díẹ̀díẹ̀, nítorí ìkùukùu tó lóyún kì í sáré.

Iṣẹ́ náà ní èèwọ̀ kan. Níwọ̀n ìgbà tí ìkùukùu bá wà níkàáwọ́ rẹ̀, omi kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀, ìbáà ṣe ti ìwẹ̀, ìbáà ṣe ti mímu, ìbáà ṣe ti ojú. Bí ó bá kàn án pẹ́nrẹ́n, gbogbo òjò yóò já lulẹ̀ lójú kan náà.

Lọ́dún kan, òjò ṣú lórí Ìdó bí ẹni pé ilẹ̀ kò ní mọ́ mọ́. Àjàgbé gbé ọ̀pá. Kò tíì dà á kọjá òrùlé wọn tí Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ fi sáré dé, gèlè lọ́wọ́.

"Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ó ti bọ́! Ibà ti mú ọmọ lọ!"

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn. Àjàgbé gbọ́. Ọ̀pá kò mì.

Àwọn àgbà obìnrin gbé igbá omi tútù dé láti bọ́jú ọlọ́fọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Ẹ gbé e kúrò," ni Àjàgbé wí.

"Hẹ̀ẹ̀n! Ewúrẹ́ pàápàá a máa ké bí ọmọ rẹ̀ bá kú. Ṣé igi ni ọ́ ni?"

Baálẹ̀ Ìdó dá sí i. "Ẹ mú sùúrù. Ẹni tó ru ẹran erin lórí kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀."

Ìbídùn yíjú sí i. "Ìrẹ̀ ni ọmọ mi bí, Baálẹ̀?"

Ìbídùn di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ sunkún fún un. Ẹ̀kán kan péré. Èmi nìkan kọ́ ni mo bí i."

"Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, bí mo bá sunkún níbí, gbogbo abiyamọ Ìdó ni yóò káwọ́ lérí bíi tìrẹ. Jẹ́ kí n dé òkè. Bí mo bá dé òkè, n ó sunkún."

Ó rìn lọ. Wọ́n sin ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Lórí Òkè-Ọ̀gàn, ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀. Òjò rọ̀, àwọn ará ìlú náà jó, wọ́n ń kì í títí ohùn wọn fi há. Àjàgbé jókòó sórí àpáta láti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó rántí eyín ọmọ náà. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó dà bí orúkọ ọmọ aládùúgbò. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti òjò ni.

Ó da ìkùukùu títí ó fi darúgbó. Omi kò bo Ìdó mọ́, Òkè-Ọ̀gàn kò gbẹ. Ìbídùn ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Orí àpáta náà ló kú sí, ojú rẹ̀ gbẹ.

Ìbídùn gun òkè lọ bá a, ó jókòó tì í, ó sì bú sẹ́kún.

"Tèmi ti tán tipẹ́," ni ó wí fún àwọn tó wá gbé òkú. "Tirẹ̀ ni mo ń bá a sun."

Àpáta Àjàgbé ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí dòní. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ìlú méjèèjì a gòkè lọ síbẹ̀ láìborí, wọn a sì sunkún fún ọmọ tí wọn kò mọ̀. Kò sí ẹni tó ń da ìkùukùu mọ́. Òjò ń ṣe bó ti wù ú.