Àmù Àkùkọ Kò Gbọdọ̀ Làágùn

"Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àkùkọ afínjú. Àmù omi rẹ̀ máa ń làágùn, ojú sì ń tì í. "Ṣé alágbàro ni àmù mi ni?" Ó fi òrí pa á lára, ó ṣì ń làágùn. Ó tún pa á, ó ṣì ń làágùn. Ó pa á lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ gbè é:

"Àmù mi ò làágùn mọ́!"
"Tere nàǹnà!"

Òógùn yẹn ló ń mú omi tutù, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún afínjú?

Baba ìyàwó rẹ̀ dé nínú oòrùn ọ̀sán, ó bu omi mu, ó tu ú dànù. "Àna mi, ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ni mo ní kí o fún mi ni?"

Àkùkọ gbé akèrègbè, ó sáré lọ sódò. Àmù ò làágùn mọ́ lóòótọ́. Ẹ bá mi kí Àkùkọ: ó kú òógùn o!