Ìwé Mẹ́ta Tí Tíṣà Kò Fi Ránṣẹ́

Tíṣà kan wà ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkìrun, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá. Òun ló ri òpó igi méjì mọ́ pápá ilé ìwé náà, tó kan irin róbótó inú táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ orí wọn, kí àwọn ọmọ lè máa ju bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀. Abẹ́ òpó yẹn ni Gbádébọ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, dàgbà sí. Ọmọ náà ga, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ bọ́ọ̀lù, títí yunifásítì kékeré kan ní Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ pè é pé kó wá máa gbá fún àwọn, kó sì máa kàwé.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹta, ẹgbẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láti àwọn yunifásítì ibẹ̀ a máa pàdé ara wọn ní méjì-méjì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ilé yá, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn a gba ìwé kan tí wọ́n to gbogbo ẹgbẹ́ náà sí, wọ́n a sì kọ ẹni tí wọ́n rò pé yóò borí sínú rẹ̀, láti ìpàdé àkọ́kọ́ títí dé ife.

Gbádébọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, ó sì kọ́ ọ lórí fóònù. Ó ní kó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn alágbára ni wọ́n fún ní nọ́ńbà kékeré. Ó ní kó má sì bọ̀wọ̀ fún un jù, torí kò sí ọdún tí ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ kì í gbé òmìrán ṣánlẹ̀. Kó mú méjì tàbí mẹ́ta irú wọn, kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó yan ẹni tí yóò gba ife ná, kó tó máa kọ ọ́ bọ̀ wá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹgbẹ́ tí ọkàn yín bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Bàbá mi, ẹ kọ ọ́ kọjá ibi tí ojú yín ríran dé. Ìgbésẹ̀ kan péré."

Tíṣà ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ọdún méjì ni wọ́n fi jọ kọ ọ́ lórí fóònù, tí bàbá ń jiyàn, tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà pín ìwé náà fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Wọ́n a lẹ tiwọn mọ́ ògiri, òun ló sì ń borí. Wọ́n sọ ọ́ ní Onímọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún kẹta, ẹgbẹ́ Gbádébọ̀ wọlé sínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà kẹrìnlá ni wọ́n, nọ́ńbà kẹta ni wọn yóò sì kọ́kọ́ pàdé. Tíṣà mú bírò. Ó ro ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yóò sọ, pé ìfẹ́ ọmọ ti bo Onímọ̀ lójú, ó sì kọ nọ́ńbà kẹta pé òun ni yóò borí. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà létí ìlẹ̀kùn bi í pé ẹgbẹ́ wo ló kọ. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Bàbá Gbádébọ̀, ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." Ó dá a lóhùn pé ìwé yìí kò mọ ọmọ ẹni, ìṣirò ló mọ̀.

Ìṣirò náà kò sì purọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sì bọ Tíṣà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ ti ya fọ́tò ògiri náà sórí Wasáàpù, ibẹ̀ ló gbà dọ́wọ́ Gbádébọ̀. Ó pè lọ́jọ́ kejì. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Bàbá mi, gbogbo Amẹ́ríkà ló ṣírò pé a máa lulẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ̀yin, kì í ṣe ìṣirò ni mo ń wá lọ́dọ̀ yín." Ó kí i pé ó dàbọ̀.

Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ ló ń pè, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Tíṣà a sún àga mọ́ tòsí, a ṣe bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, ohùn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa dún látinú fóònù obìnrin náà, kò ní lè mú gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá parí, ìyàwó rẹ̀ a ní, "Ó ní kí n kí yín." Tíṣà a ní òun gbọ́. Àárò ọmọ yìí ń sọ ọ́ débi pé ó ń lọ sí pápá ilé ìwé nírọ̀lẹ́ lọ wo òpó àtijọ́ náà, tí irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ìyàwó rẹ̀ ní kó pè é. Tíṣà ní ọmọ ló ń wá bàbá, bàbá kì í wá ọmọ.

Síbẹ̀, tí oṣù kẹta bá dé, ó ń gba ìwé náà. Kò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹgbẹ́ Gbádébọ̀ ló ń kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ife. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ náà kò tilẹ̀ wọlé, Gbádébọ̀ pàápàá sì ti kàwé tán, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Tíṣà fa ìlà tirẹ̀ sétí ìwé, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà síbẹ̀, ó sì fà á lọ títí ó fi kan ife. Ó ká a, ó fi í sínú Bíbélì ńlá, níbi tí méjì tó ṣáájú wà. Ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó kọ ọ̀kankan.

Ìwọ náà tí o ti ń rojọ́ ọmọ rẹ obìnrin fún mi láti àárọ̀, o ní o kìlọ̀ fún un pé ilé búrẹ́dì tó fẹ́ dá sílẹ̀ kò ní dúró, kò sì dúró. Mo gbà pé òótọ́ lo sọ. Tíṣà náà sọ òótọ́. Òótọ́ yẹn, ọmọ rẹ ì bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ ni kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. O ní o ti dárí jì í, pé o ń gbàdúrà fún un láràárọ̀. Inú Bíbélì ni gbogbo ìyẹn ṣì wà. Fóònù rẹ nìyẹn lórí itan rẹ. Pè é kí o tó dìde níbẹ̀.