Igbá Omi Kan Nísàlẹ̀ Odò

Àjàdí, gbé táǹkì oògùn yẹn kalẹ̀ ná, kí o gbọ́ tèmi kí o tó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò.

Àgbẹ̀ kan wà ní apá òkè odò yìí, ọkùnrin tí iṣẹ́ kì í bà lẹ́rù. Nígbà tí oògùn apakoríko dé, òun ló kọ́kọ́ rà á lágbègbè rẹ̀. Oko tó ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ro, ọjọ́ méjì ló ń fi fín in. Bó bá fín in tán, á lọ fọ táǹkì rẹ̀ sínú odò. Àwọn apẹja ní ẹja ń kú. Ó ní odò ńlá ni, yóò gbé e lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ, nísàlẹ̀ odò kan náà. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà nígbà tí bàbá lọ kí i. O mọ àṣà wa: ẹni tó bá bu omi fún àlejò á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ọmọ náà bu omi odò wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá sẹ́nu.

Bàbá gbá igbá náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá ọkọ ní, "Ẹ̀yin àna wa, kí lẹ rí nínú omi wa?"

Àgbẹ̀ náà lè purọ́ pé kòkòrò ni. Àmọ́ òun tí ilé yẹn dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun náà ló dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó ní, "Májèlé ni. Èmi ni mo ń dà á sí i láti òkè."

Kò padà sílé títí ó fi bá wọn gbẹ́ kànga tó kan omi. Láti ọjọ́ náà, kò gbé táǹkì dé etí odò mọ́. Ọkọ́ ló fi ń ro ibẹ̀ títí ó fi kú.

Èmi ni oyún ọjọ́ náà, Àjàdí. Àgbẹ̀ yẹn ni bàbá tó bí ìyá mi. Títí dòní, bí mo bá padà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, wọ́n á ní, "Ọmọ-ọmọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ rèé." Wọn kò fi bú mi. Orí mi a sì máa wú.

Bí o bá ṣì fẹ́ fọ táǹkì yẹn sódò, lọ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bu igbá kan níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí o kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú mi, kí ọkàn àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lè balẹ̀.